Mo lọ wo ìlú mẹ́ta, èwo ni kí n kó lọ?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà nínú èyí tó pọ̀ jù: àwọn èèyàn lọ sinmi níbì kan, wọ́n padà délé, oorun ò kùn wọ́n mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ kó lọ síbẹ̀ pátápátá. Mo mú márùn-ún nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni mo máa pẹ́ lórí ẹ̀ jù torí ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀ gan-an, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Ìbéèrè
Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Èmi àtọkọ mi ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé a máa kó kúrò níbi tá a wà yìí, ọmọ méjì la bí, èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, àbúrò ẹ̀ jẹ́ mẹ́sàn-án. Láàárín ọdún méjì a lọ wo Edinburgh ní Scotland lóṣù Kẹjọ, a lọ wo Vienna ní Austria lóṣù Kejìlá, a wá lo ọjọ́ mẹ́jọ ní Lisbon ní Portugal lóṣù Karùn-ún tó kọjá. Gbogbo ẹ̀ ló dùn mọ́ wa. Mo wá jókòó, mo fa ìlà sínú ìwé, mo kọ ojú ọjọ́, ẹwà ìlú, ìwà àwọn èèyàn, mọ́tò wíwọ̀, ibi ìgbafẹ́, mo fún wọn ní máàkì lọ́kọ̀ọ̀kan. Lisbon gba 81, Vienna gba 80, Edinburgh gba 78. Ọkọ mi ní ẹjọ́ ti tán, Lisbon ni. Èmi ò mọ ohun tó ń ṣe mí, ọkàn mi kàn ò balẹ̀ sí i ni. Ẹ bá wa dá sí i.
Ìyá Ọlọ́mọ Méjì

Àǹtí dáhùn
Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rí 81, 80, 78 yẹn, ẹ má bínú, máàkì mẹ́ta péré ló wà láàárín ẹni tó gba ipò kìíní àti ẹni tó gbẹ́yìn, ká ní ẹ tiẹ̀ sùn dáadáa sí i lóru kan péré ní Edinburgh, ó lè ti yí padà. Àwọn oṣù yẹn gan-an ló dá mi dúró. Ẹ tún un wò: oṣù Kẹjọ, oṣù Kejìlá, oṣù Karùn-ún. Ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, aṣọ òde ló wà lọ́rùn wọn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dé, kò sí èyí tẹ́ ẹ bá pẹ̀lú aṣọ ilé lára.

Ẹ jẹ́ ká mú Edinburgh. Látọdún 1947 ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún eré àti orin níbẹ̀ lóṣù Kẹjọ, gbogbo kọ̀rọ̀ ló máa ń di orí ìtàgé, àlejò á kún ìgboro bí omi, ilẹ̀ kì í sì tètè ṣú. Èyí lẹ fún ní 78. Tó bá wá di ìparí oṣù Kejìlá níbẹ̀ ńkọ́? Oòrùn ò ní yọ títí di nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, tó bá sì ti ń tó ogún ìṣẹ́jú sí aago mẹ́rin ọ̀sán, ó ti wọ̀ nìyẹn. Ọmọ yín á jáde nílé kílẹ̀ tó mọ́, kó tó ti school dé ilẹ̀ ti ń ṣú, atẹ́gùn òkun á sì máa gbá a lójú. Mi ò sọ pé ìlú yẹn ò dáa o, kò sí bí mo ṣe máa sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ ò tíì rí i.

Lisbon náà ńkọ́. Oṣù Karùn-ún ní Lisbon, ta ni ò ní fún un ní 81? Oòrùn ń ràn, kò gbóná jù, odò ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Ohun tí àlejò oṣù Karùn-ún ò lè mọ̀ ni pé ilé tó pọ̀ níbẹ̀, pàápàá àwọn ilé àtijọ́ tó rẹwà tẹ́ ẹ̀ ń ya fọ́tò wọn yẹn, kò ní hítà kankan tó ń mú gbogbo ilé gbóná. Tó bá dóṣù Kìíní, òjò á máa rọ̀, òtútù á wọnú ògiri, àwọn kan tó ń gbé níbẹ̀ á sọ fún yín pé àwọn máa ń bọ́ síta lọ yá oòrùn torí pé inú ilé tutù ju ìta lọ. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò tẹ́ ẹ bá fẹ́ réńtì, tó bá ní àmì dúdú bí ẹni da eérú sí i, ẹ ti rí oṣù Kìíní nìyẹn. Àti tram nọ́ńbà 28 tẹ́ ẹ wọ̀ (mo mọ̀ pé ẹ wọ̀ ọ́, kò sí àlejò tí kì í wọ̀ ọ́), àwọn ìyá arúgbó tó ń gbé lórí òkè yẹn, òun ni wọ́n fi ń lọ sílé, ẹ̀yin àlejò lẹ kún inú ẹ̀ tí wọn ò ráyè. Tẹ́ ẹ bá kó débẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ máa dúró nísàlẹ̀ òkè pẹ̀lú lọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀, owó oṣù ní Portugal kéré sí ti ọ̀pọ̀ ìlú ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù, réńtì Lisbon sì ti fò sókè gan-an láti ọdún mẹ́wàá sí àsìkò yìí. Ẹni tí owó oṣù ẹ̀ ń ti ibòmíì wá, Lisbon mìíràn ló ń gbé. Ẹni tó fẹ́ ríṣẹ́ níbẹ̀, òmíì ni tiẹ̀. Kí ọkọ yín kọ́kọ́ dáhùn ìyẹn ná kó tó sọ pé ẹjọ́ ti tán.

Ti Vienna ló yàtọ̀ díẹ̀, torí pé lọ́dọ̀ tiwọn, ohun tó dáa jù gan-an ni àlejò kì í rí. Ẹ rí iná Kérésì, ẹ rí ààfin, ẹ rí ẹṣin tó ń fa kẹ̀kẹ́. Ẹ ò rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń gbé ìlú yẹn ló ń gbé inú ilé tí ìjọba ìlú kọ́ tàbí tí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í jẹ èrè kọ́, ilé tí réńtì ẹ̀ ò ní gba ẹ̀mí èèyàn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Karl-Marx-Hof, wọ́n ṣí i lọ́dún 1930, ilé kan ṣoṣo náà gùn ju kìlómítà kan lọ, títí dòní èèyàn ń gbé inú ẹ̀. Omi ẹ̀rọ wọn, láti orí òkè Alps ló ti ń ṣàn wá látọdún 1873. Ṣùgbọ́n ẹ dúró o, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò kàn ní wọnú ilé ìjọba bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ní iye ọdún tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti gbé nílùú kí wọ́n tó kọ orúkọ yín sílẹ̀, títí dìgbà yẹn ọwọ́ onílé aládàáni lẹ máa wà, tó wọ́n jùyẹn lọ. Tó bá sì di Sọ́ńdè, ṣọ́ọ̀bù máa tì, gbogbo ìgboro á pa lọ́lọ́. Àlejò máa ń sọ pé ó dùn, ó ní àlàáfíà. Ẹ ṣe é ní Sọ́ńdè méjìléláàádọ́ta lọ́dún kan kẹ́ ẹ tó fún un ní máàkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára jù ni àwọn ọmọ, mo sì wo gbogbo ìlà tẹ́ ẹ fà yẹn látòkè délẹ̀, mi ò rí school níbẹ̀ o! Ní Austria, ọmọ tó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, wọ́n máa ń pín wọn, àwọn kan á lọ Gymnasium, ìyẹn ọ̀nà yunifásítì, àwọn tó kù á lọ Mittelschule. Ọmọ yín kékeré ti di mẹ́sàn-án. Ẹ máa gbé e débẹ̀, kò tíì gbọ́ èdè Jámánì dáadáa, ìpínyà ti dé. Kì í ṣe pé ìlẹ̀kùn máa tì pa pátápátá, àwọn ọmọ máa ń sọdá lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tún le jù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó bá jókòó sí kíláàsì tí kò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ, ní Vienna o, ní Lisbon o, ìdí ẹ̀ á máa gbóná lórí àga. Ní Edinburgh, òun náà máa bá ìdánwò níwájú torí ọdún yẹn ni wọ́n ń mú sọ́bújẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kàwé níbi tẹ́ ẹ wà báyìí, á kúkú gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Látoṣù Kìíní ọdún 2022 tún ni àwọn ọmọ ọdún márùn-ún títí dé mọ́kànlélógún ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ jákèjádò Scotland, káàdì ni wọ́n kàn máa gbà. Ẹ wo nǹkan tó máa tán wàhálà ta ló máa gbé wọn lọ, ta ló máa gbé wọn bọ̀, kò sì sí nínú fọ́tò kankan tẹ́ ẹ yà.

Ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ sí ìlà àkọ́kọ́ yẹn náà, ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan. Lọ́dún 1998, àwọn olùwádìí méjì, David Schkade àti Daniel Kahneman, gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì bí 2,000 léèrè ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà ní California níbi tí oòrùn ti máa ń ràn, àwọn yòókù wà ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè náà lọ́hùn-ún níbi tí yìnyín ti máa ń bọ́. Àtàwọn tibí àtàwọn tọ̀hún, gbogbo wọn ló rò pé ayé àwọn ará California á dùn ju tàwọn yòókù lọ. Ìgbà tí wọ́n wá bi kálukú nípa ayé tiẹ̀ fúnra ẹ̀, ọgbọọgba ni wọ́n jáde, òun náà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé, nígbà téèyàn bá ń fi ìlú kan wé òmíì, ohun tó yàtọ̀ ló máa ń gbá mú, oòrùn, òkun, òkè, nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tó ti ń gbé ibẹ̀ ò rántí oòrùn mọ́, ọ̀gá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́ ló wà lọ́kàn ẹ̀.

Torí náà, ẹ fa ìwé yẹn ya. Ó dáa, ẹ má fà á ya, ẹ fi pamọ́, àmọ́ ẹ fa òmíì. Ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, nínú oṣù tí ò dáa jù nílùú yẹn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí dé aago mẹ́wàá alẹ́. Ta ló jí? Kí ni wọ́n wọ̀? Mọ́tò wo? Ta ló lọ mú àbúrò ní school nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì wà níbi iṣẹ́? Bí ọmọ bá ń gbóná lóru, ẹ̀nu ọ̀nà ta lẹ máa kàn, èdè wo lẹ sì máa sọ fún dókítà? Ibi tẹ́ ẹ bá ti ń kọ ọ́ tẹ́ ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ wádìí.

Kẹ́ ẹ sì wo ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣáájú gbogbo ẹ̀, ó yẹ kó jẹ́ òun ni mo kọ́kọ́ sọ. Fíìsà tẹ́ ẹ fi ṣe àlejò, ọjọ́ 90 péré ló fún yín láàárín ọjọ́ 180 fún Lisbon àti Vienna, ti Edinburgh jẹ́ oṣù mẹ́fà lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì sí èyí tó gbà yín láyè láti ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ìlú tí kò lè fún ọ̀kan nínú ẹ̀yin méjèèjì níwèé iṣẹ́, ẹ yọ ọ́ kúrò, ì báà gba 100.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ tẹnu mi, torí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn, Edinburgh tó gbẹ́yìn ni màá kọ́kọ́ lọ tún wò, màá lọ lóṣù Kejì, mi ò ní wọ hòtẹ́ẹ̀lì, màá réńtì fúláàtì fọ́sẹ̀ méjì ládùúgbò tí àlejò kì í dé, màá sì mú ọmọ náà dání. Ohun tó bá sọ lọ́jọ́ kẹwàá, kí bàbá ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ìbéèrè
Àǹtí, ẹ ǹ lẹ́ o. Mo ríṣẹ́ sílùú ńlá kan, wọ́n ní kí n máa wá sọ́fíìsì lójoojúmọ́. Mo lọ wo yàrá kan nítòsí ọ́fíìsì, kò fẹ̀, téèyàn bá na ọwọ́ ó kan ògiri. Lọ́jọ́ kejì mo lọ wo ìlú kékeré kan tó jìnnà, wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ ojú irin, ilé náà ní yàrá mẹ́ta, ó ní ọgbà lẹ́yìn, réńtì ọ̀kan náà. Èmi àtìyàwó mi ò tíì bímọ. Ìyàwó mi ní ìlú kékeré yẹn ni. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ojú Irin

Àǹtí dáhùn
Ọmọ mi, ọjọ́ wo lo lọ wo ilé yẹn? O ò sọ. Mo fẹ́ gbà pé Sátidé ni tàbí Sọ́ńdè, torí èmi náà ti jìyà ẹ̀ rí. Mo lọ wo ilé kan ní ọ̀sán Sọ́ńdè, igi ńlá kan wà lójú fèrèsé, ẹyẹ ń ké, látilé sí ibùdókọ̀ ìṣẹ́jú méjìlá, ọkọ̀ ṣófo, mo na ẹsẹ̀ mi. Mo sanwó. Mọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo jáde, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá lára wa kò dúró, ìkejì dúró, èmi àti ọkùnrin kan la jọ há sẹ́nu ọ̀nà, báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn wà lójú mi títí a fi débi tí mò ń lọ, mo mọ zip báàgì yẹn ju bí mo ṣe mọ ẹnì kankan nílùú yẹn lọ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi wo zip oríṣiríṣi. Igi yẹn, òkùnkùn ni mo fi ń jáde, òkùnkùn ni mo fi ń wọlé, Sátidé nìkan ni mò ń rí i.

Jẹ́ ká ṣírò tìẹ. Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀, ìyẹn wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú. Tó o bá lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ 220 lọ́dún, ó ju wákàtí 586 lọ. Pín in sí ọjọ́, ó lé ní ọjọ́ 24, tọ̀sán tòru, nínú ọkọ̀, láìtíì ka rírìn dé ibùdókọ̀ àti ọjọ́ tí ọkọ̀ bá pẹ́. Ọmọ Ítálì kan tó ń jẹ́ Cesare Marchetti kọ ọ́ lọ́dún 1994 pé láyé àtijọ́ àti láyé òde òní, nǹkan bíi wákàtí kan lóòjọ́ lọmọ aráyé ń fi rìn lọ rìn bọ̀, tí ohun ìrìnnà bá yá sí i, wọn kì í lo àkókò tó kù yẹn láti sinmi, ńṣe ni wọ́n máa ń kó lọ síbi tó jìnnà sí i. Ìwọ fẹ́ lo ìlọ́po méjì ààbọ̀ ó lé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì ní Switzerland, Alois Stutzer àti Bruno Frey, tún wo àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn ní Jámánì, wọ́n gbé e jáde ní 2008, àwọn tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn jìnnà kò tẹ́ lọ́rùn tó àwọn tó wà nítòsí, ilé ńlá tàbí owó tó wà níbẹ̀ ò dí i fún wọn. Kí ló fà á? Ilé, o máa mọ́ ọn lára, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta yàrá mẹ́ta ti di yàrá mẹ́ta lásán. Ọ̀nà ni kì í mọ́ni lára, torí ojoojúmọ́ ni wàhálà tiẹ̀ máa ń gbé ẹ̀wù tuntun wọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàwó ẹ náà ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé lòun ti ń ṣiṣẹ́, òun lá máa gbé inú yàrá tó kan ògiri yẹn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, má fi ti ọ̀nà tìẹ pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wá ibi tó wà láàárín, ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ogójì. Kó o sì wọ ọkọ̀ yẹn ní Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, lẹ́ẹ̀mejì ó kéré tán, kó o tó tọwọ́ bọ̀wé.

Ìbéèrè
Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo rí i kà pé wọ́n máa ń to àwọn ìlú tó dáa jù láyé láti gbé. Ṣé mo lè kàn mú ti òkè pátápátá?
Mo Fẹ́ Tètè Lọ

Àǹtí dáhùn
Rárá o. Èyí tó lókìkí jù, ti iléeṣẹ́ ìwádìí kan tó ń jẹ́ Economist Intelligence Unit, ìlú 173 ni wọ́n máa ń tò, Vienna ló ṣe kìíní ní 2022, 2023 àti 2024, Copenhagen wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ní 2025. Ohun tí wọ́n ń wò kò burú, ìfọkànbalẹ̀ ìlú, ìtọ́jú aláìsàn, àṣà àti àyíká, ètò ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti iná àti omi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe wọ́n tó nínú ẹ̀, ìyẹn ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀! Ara ohun tí wọ́n ń fi í ṣe ni pé kí iléeṣẹ́ tó bá rán òṣìṣẹ́ lọ síbi tó nira lè mọ iye tó máa fi kún owó ẹ̀. Ẹni tí ọ̀gá ẹ̀ ń sanwó ilé fún ni wọ́n ní lọ́kàn. Ta ló ń san tìẹ?

Ìbéèrè
Àǹtí mi, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ dàgbà ti wà ní Houston fọ́dún mẹ́fà, mo lọ kí i lóṣù Kẹta, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni mo lò, ayé mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbé mi káàkiri, ilé ẹ̀ tóbi, ó ní wọn kì í gba owó orí lórí owó oṣù. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mí, iṣẹ́ mi ṣe é ṣe níbẹ̀, iléeṣẹ́ kan ti fẹ́ ṣe ìwé fún mi. Gbogbo èèyàn ní kí n ronú. Kí ni mo tún fẹ́ rò?
Ọ̀rẹ́ Ọlọ́kọ̀

Àǹtí dáhùn
Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀rẹ́ ẹ lo lọ bẹ̀ wò, kì í ṣe Houston. Ó gba líìfù nítorí ẹ, àbí kò gbà á? Bi í léèrè, ibi tó gbé ẹ lọ lọ́jọ́ kẹta yẹn, ìgbà mélòó lòun fúnra ẹ̀ ti débẹ̀ láàárín ọdún mẹ́fà kó o tó dé. Mo lè bá ẹ ta á pé kò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Orúkọ tó o fi kọ̀wé gan-an ti dáhùn ìbéèrè ẹ. Ọkọ̀ ni Houston. Ìlú yẹn tẹ́ lọ rẹrẹ, iléeṣẹ́ lápá kan, ilé lápá kan, láàárín wọn ọ̀nà ńlá tí ẹsẹ̀ ò lè rìn. Ọjọ́ mẹ́wàá tó o lò, ìgbà mélòó lo dá jáde láìsí ọ̀rẹ́ ẹ? Tó o bá débẹ̀ láìní mọ́tò, ṣọ́ọ̀bù tó o rí lọ́ọ̀ọ́kán láti ojú fèrèsé, o lè má rí bó o ṣe máa sọdá débẹ̀. Torí náà kí owó mọ́tò, ìṣọ́ránsì ẹ̀ àti epo wọnú ìṣirò ẹ látọjọ́ kìíní. Lóòótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Texas tí Houston wà kì í gba owó orí lórí owó oṣù, ti ìjọba àpapọ̀ ṣì wà níbẹ̀ o, owó orí lórí ilé sì ga níbẹ̀, onílé á sì gbé e gba inú réńtì wá bá ẹ.

Oṣù Kẹta tó o lọ, o yan dáadáa, òun náà jẹ́ aṣọ òde. Oṣù Kẹfà sí Kẹsàn-án ni ooru tó máa ń mú kí aṣọ lẹ̀ mọ́ni lára kéèyàn tó dé ìdí mọ́tò. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà sí ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá tún ni àsìkò ìjì líle. Nígbà ìjì tí wọ́n pè ní Harvey, lóṣù Kẹjọ ọdún 2017, omi tó rọ̀ lápá ibẹ̀ ju mítà kan lọ ní ọjọ́ bíi mélòó kan, ó wọlé tọ àwọn èèyàn tí wọn ò rò ó sí. Ìjọba Amẹ́ríkà ní máàpù tó ń fi ibi tí omi lè dé hàn, wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Kó o tó ya ilé èyíkéyìí, tẹ àdírẹ́sì ẹ̀ sí i.

Mi ò ní kó o má lọ. O ti ríṣẹ́, o níwèé, o kéré lọ́jọ́ orí, o lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn tó kó lọ ò ní ìkan nínú mẹ́rin yẹn. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé o máa wá lóṣù Kẹjọ fún ọjọ́ mẹ́rin, kó má gba líìfù, kó máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀, kó fi ẹ́ sílé. Tó bá di ọjọ́ kẹta tó o ṣì fẹ́ ibẹ̀, máa lọ jàre.

Ìbéèrè
Àǹtí, mo ti kó lọ ná kí n tó kọ̀wé sí yín. Mo lọ wo Vancouver ní Kánádà lóṣù Keje, òkè, omi, ojú ọ̀run búlúù, mo sunkún lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kúrò. Mo kó lọ lóṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́rin rèé, òjò ò yé rọ̀, mi ò rí òkè kankan mọ́, mo ń jẹun nìkan, mo ń sùn nìkan. Mo ti ń wo tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ fún àwọn ará ilé.
Òjò Pa Mí

Àǹtí dáhùn
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kójú tì ẹ́, ìlú méjì ló ń jẹ́ Vancouver, o rí ọ̀kan, ìkejì lo kó bá. Ẹ̀ẹ̀rùn wọn máa ń gbẹ gan-an, oṣù Kọkànlá sí Kìíní ni òjò wọn pọ̀ jù, òkè yẹn ṣì wà níbẹ̀, ìkùukùu ló bò ó.

Kalervo Oberg, onímọ̀ nípa ẹ̀dá tó jẹ́ ọmọ Kánádà, kọ ọ́ lọ́dún 1960 nípa ohun tó ń ṣe àwọn tó kó lọ sílẹ̀ àjèjì: ìbẹ̀rẹ̀ á dà bí oyin, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á máa bí èèyàn nínú, lẹ́yìn náà ara á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ ọn. Tìẹ, ọjọ́ àbẹ̀wò lo ti lá oyin yẹn tán, inú ìkejì lo bọ́ sí tààrà, òun ló jẹ́ kó dùn ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ ká pè é lóhun tí kò jẹ́. Nínú lẹ́tà ẹ, tá a bá yọ orúkọ tó o fi kọ̀wé kúrò, ẹ̀ẹ̀kan lo dárúkọ òjò, ẹ̀ẹ̀mejì lo kọ "nìkan". Ra bàtà tí omi kì í wọ̀, èyí tó dáa gan-an, kó o yé dúró sílé nítorí ẹsẹ̀ tútù. Wá nǹkan kan tó ń wáyé ní aago kan náà lọ́jọ́ kan náà lọ́sẹ̀, kíláàsì ni o, ẹgbẹ́ akọrin ni o, bọ́ọ̀lù gbígbá ni o, láìbìkítà bóyá o mọ̀ ọ́n ṣe, kó o lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ láìfo ìkankan, torí ní ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́ wọn ò ní dá ẹ mọ̀, ní ìkẹrin ẹnì kan á bi ẹ́ lórúkọ. Pe ìyá ẹ, sọ fún un pé kò rọrùn, ó ti mọ̀ kúkú, ohùn ẹ ti sọ fún un látoṣù Kọkànlá.

Tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, má tíì rà á. Tó o bá di oṣù Kẹfà níbẹ̀ tó ṣì ń ṣe ẹ́ bákan náà lójú oòrùn, rà á, kó o máa bọ̀ nílé, kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ léèrè. Kó o sì kọ̀wé sí mi lọ́jọ́ tí òkè yẹn bá kọ́kọ́ yọ, mo fẹ́ mọ ẹni tó o máa pè kó wá wò ó.